Ẹ Má Sá fún Kayótì: Ìkìlọ̀ fún Ọlọ́fà Tó Ń Dọdẹ Àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà

Àpá kan wà ní itan òsì mi tó gùn tó ìka ìfábẹ̀lá. Ẹnu ọfà tèmi fúnra mi ló dá a sí mi lára, ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, nínú igbó páìnì kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìdí igi ni mo jókòó sí. Aṣọ aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn mi, ìbòjú wà lójú mi, mo ti fín oògùn tó ń pa òórùn ènìyàn sí bàtà àti ṣòkòtò, mo sì ń fọn fèrè kékeré kan tó ń ké bí ọmọ àgbọ̀nrín tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Mo fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ni mo bá gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń ró lẹ́yìn mi, ìró ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ ju ti àgbọ̀nrín lọ. Bí mo ṣe yí ọrùn padà, ẹranko kan ló dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, etí rẹ̀ nà ṣóńṣó, ojú rẹ̀ dà bí oyin, ó ń wò mí. Mo fò dìde. Ọrun wà lórí itan mi, ọfà sì wà lórí ọsán. Bí mo ti ń dìde ni ẹnu ọfà wọ inú itan. Kí n tó ké, ẹranko náà ti wọgbó lọ.

Kayótì ni. Ẹ óò máa rí i níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ ní coyote. Abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ náà ní ọsibítù, dókítà sì ń béèrè ṣáá pé ṣé ẹran náà gé mi jẹ. Mo ní rárá, ọfà mi ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ní òun fẹ́ fi ọfà dọdẹ níhìn-ín: kayótì kọ́ ni ẹ ó bẹ̀rù jù, ìjáyà tó ń bá a dé ni. Ìjáyà ló ń mú ọdẹ fò dìde lórí abẹ. Òun ló ń mú un tú okùn ara rẹ̀ lórí igi, òun náà ló sì ń mú un ta ọfà sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Ìdílé ajá ni kayótì. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ajáko ti rí nǹkan tó jọ ọ́. Irun ara rẹ̀ dà bí eérú tí a bu erùpẹ̀ pupa lé, imú rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ kún, ṣóńṣó ìrù náà sì dúdú. Bó bá ń sáré, ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ìrù sí, kì í gbé e sókè bíi ti ajá ilé. Ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí tiwọn ti tóbi jù, ọ̀pọ̀ àgbà wọn kò ju kílò 14 sí 20 lọ. Láti ọdún 1823 ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ti wà nínú ìwé, Canis latrans, ajá tó ń gbó. Pápá ìwọ̀-oòrùn ni ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ìkookò run ní ọ̀pọ̀ ibi, tí wọ́n sì gé igbó di oko àti ìlú, ààyè ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì wọlé. Nínú ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà lónìí, Hawaii nìkan ni kò sí. Ní Chicago, láti ọdún 2000 ni Stanley Gehrt, onímọ̀ nípa ẹran igbó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi rédíò sí wọn lọ́rùn láti mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Àárín ìgboro ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, lóru, nígbà tí a ti sùn.

Eku, ehoro, èso tó já bọ́, òkú ẹran, gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ó sì ń jẹ ọmọ àgbọ̀nrín púpọ̀. Ní Savannah River Site, ní South Carolina, àwọn olùwádìí so rédíò mọ́ ọmọ àgbọ̀nrín tuntun kí wọ́n lè mọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n sì rí i pé kayótì ni ó ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ẹ rántí fèrè tí mo ń fọn lábẹ́ igi.

Oníbọn lè wà ní 100 mítà kó yin ìbọn, kí ẹran sì ṣubú. Ọlọ́fà kò ní àǹfààní yẹn. Púpọ̀ nínú wa kì í ta ọfà bí ẹran bá ju 30 mítà lọ, nítorí náà a níláti pòórá. A ń bo ojú, a ń pa òórùn, a kì í wúkọ́, a sì ń ké bí ẹran. Kayótì tó bá yọ sí wa kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn oúnjẹ, ó wá wò ó. Bàbá mi ṣe ọdẹ ní Òkè-Ògùn títí ogbó fi dé, ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́, iná ọdẹ níwájú orí. Ohun kan tí mo ń rántí lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọdẹ tó bá ń ké bí ẹran níláti máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ni ebi ń pa nínú igbó. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò bá mi dé Georgia.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fọn fèrè láti ilẹ̀, ẹ wá igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ, kí ẹ fẹ̀yìn tì í, kí ohunkóhun tó bá máa bọ̀ gba ojú tàbí ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Ẹ má gbé ọrun tó ní ọfà lórí sórí itan bí mo ti ṣe. Ẹ fi í kọ́ sórí ẹ̀ka tàbí kí ẹ gbé e nàró sílẹ̀, kí ẹnu ọfà kọjú síta. Orí ọfà òde òní kì í ṣe irin ṣóńṣó lásán. Abẹ méjì tàbí mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ó sì mú tó ohun tí a lè fi fá irùngbọ̀n. Ó ya ẹran ara kí ara tó mọ̀ ọ́n lára.

Bí kayótì bá wá yọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ènìyàn lẹ jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ìbòjú, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ dìde díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀. Bó bá ṣì dúró, ẹ gbé ohùn sókè bí ìyá tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tó sá, kí ẹ na apá méjèèjì kí ẹ lè tóbi lójú rẹ̀, kí ẹ ju igi tàbí èso páìnì sí i. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ má sì sáré. Ohun tó bá ń sá ni ajá ń lé, kayótì náà kò yàtọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ méjì sáré já a lọ. Ẹran tí ẹ fẹ́ ta lọ́jọ́ náà yóò gbọ́ ariwo yín, yóò sì lọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

N kò sọ pé kò lè pa ènìyàn. Ní ọdún 1981, kayótì pa ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan ní Glendale, ní California. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, kayótì kọ lu Taylor Mitchell, akọrin ọmọ Kánádà tó jẹ́ ẹni ọdún 19, níbi tó ti ń dá rìn ní ọ̀nà Skyline nínú ọgbà Cape Breton Highlands, ní Nova Scotia. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tó fi kú ní ọsibítù. Ikú méjì yìí ni a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn onímọ̀ padà lọ yẹ ohun tí kayótì agbègbè Cape Breton ń jẹ wò, wọ́n rí i pé moose ni, ẹran tó dà bí àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó ga ju màlúù lọ. Kayótì tó ti mọ́ lára láti máa bá ẹran ńlá jà kò ní ojú kan náà pẹ̀lú èyí tó ń lé eku kiri. Kayótì tí ènìyàn ti ń fún lóúnjẹ náà kò ní ojú kan náà pẹ̀lú èyí tí kò mọ ènìyàn rí. Bí ẹ bá pariwo tí ẹ sì ju nǹkan, tí kò lọ, tàbí tó ń tẹ̀ lé yín, ẹ ti rí èyí tí ènìyàn ti bà jẹ́ tàbí èyí tó ń ṣàìsàn. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi ọkọ̀ tàbí síbi tí ènìyàn wà, kí ẹ kojú sí i, kí ọrun wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá dé ibi ààbò, ẹ pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran igbó ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè jẹ́ ọmọdé.

Ohùn wọn ń da ọdẹ láàmú ju ojú wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n kan wà, ọmọ Ìlọrin, tó ń wa tírélà láti Georgia títí dé Ohio. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ pé kó wá nǹkan fi sinmi, ó sì ra ọrun. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ó gun orí àga irin tí wọ́n ń so mọ́ igi, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń fi igi àti okùn ṣe tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gùn. Gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́fà. Oòrùn wọ̀. Ni kayótì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Mo lọ kí i ní ọsibítù. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ju ogún lọ. Abẹ́ igi tí mo wà gan-an ni wọ́n wà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú rí wọn ni?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "N kò rí ọ̀kan."

Ohun tó ṣe ni pé ó tú okùn ààbò tó so ó mọ́ igi, kó lè tètè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó yí igi ká. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ kò rí i. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wákàtí méjì ni ó fi wà nílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó rí i. Ní gbogbo wákàtí méjì yẹn, pẹ̀lú irora àti igbe, kayótì kankan kò yọjú sí i.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn náà kò ní dá a lẹ́bi. Kayótì méjì péré lè ké kí ènìyàn búra pé mẹ́wàá ni wọ́n. Ọ̀kan á ké gígùn, á yí i padà sí gbígbó, á tún gbé e lọ sókè tíntín, igi àti òkè á sì dá ohùn náà padà láti ibi púpọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi etí kà wọ́n. Igbe náà kì í sì í ṣe ìpè ogun. Wọ́n ń fi í pe ara wọn, wọ́n sì ń fi í sọ fún ẹgbẹ́ mìíràn pé ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀. Tí ẹ bá wà lórí igi nígbà tí ẹ gbọ́ ọ, ibi tó láàbò jù lọ nínú igbó náà ni ẹ wà. Kayótì kò lè gun igi tó dúró gbọọrọ bí ẹkùn ṣe ń gùn ún.

Jíjábọ́ láti orí igi wà lára ohun tó ń ṣe ọdẹ àgbọ̀nrín ní jàǹbá jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sì sí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ní í ṣe pẹ̀lú eyín ẹranko. Ẹ ra àmùrè ààbò tó di èjìká, àyà àti itan mú, kì í ṣe èyí tó di ìbàdí nìkan. Ẹ ra okùn gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí igi dé ilẹ̀, kí àmùrè yín so mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀ títí tí yóò fi padà kan ilẹ̀. Ẹ má gbé ọrun gun igi. Ẹ so ó mọ́ okùn, kí ọfà wà nínú apó, kí ẹ jókòó tán kí ẹ tó fà á sókè. Kí fóònù wà nínú àpò àyà, torí ẹni tó bá ṣubú lè má lè na ọwọ́ dé àpò ẹ̀yìn. Tí igbe kayótì bá bẹ̀rẹ̀ tí àyà yín ń lù kìkì, ẹ tan iná orí, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ dúró títí ọwọ́ yín kò fi ní gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kí okùn ṣì wà lára yín.

Ibi kejì tí ìjáyà àti ìkánjú ti ń pàdé ni ipa ẹ̀jẹ̀. Ọfà kì í pa ẹran bí ìbọn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà sílẹ̀, àgbọ̀nrín sì lè sáré lọ jìnnà kó tó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó bí ọṣẹ fi hàn pé ọfà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìdajì wákàtí sì tó láti dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dọ̀, kí ẹ dúró tó wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá gbé ọfà tí òórùn ìgbẹ́ ń bọ̀ lára rẹ̀, tí ewé tí ẹran jẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn, inú ni ọfà gbà. Wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn àgbà ọlọ́fà ń dúró kí wọ́n tó tẹ̀ lé e, torí bí ẹ bá lé e ní kíá, yóò dìde lórí ibi tó sùn sí, ẹ kò sì ní rí i mọ́.

Níbí ni kayótì ti ń da ọ̀rọ̀ rú. Ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ta ọfà ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ sì dúró di òwúrọ̀, ẹ lè bá egungun. Ọ̀pọ̀ ọdẹ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kánjú wọ igbó lóru, àwọn nìkan, pẹ̀lú iná kan tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú. N kò bá wọn ṣe é mọ́. Mo ti gbà pé lọ́jọ́ mìíràn kayótì ni yóò jẹ ẹran náà. Ohun tí ọdẹ lè ṣe sí i wà ṣáájú kí ọfà tó fò: ọfà tí kò bá dá yín lójú nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ má ta á. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀nrín náà kọjá. Yóò padà wá.

Bí ọfà bá ti fò, tí ẹ sì níláti lọ lóru, ẹ pe ẹnì kejì. Kí iná jẹ́ méjì. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń lọ, ní ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọjà, kí ẹran tó wà níwájú lè gbọ́ yín láti òkèèrè kó sì lọ. Bí iná yín bá bá ojú tó ń dán nídìí òkú àgbọ̀nrín, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ pariwo, ẹ fún wọn láyè láti kúrò. Bí wọ́n bá ń kùn tí wọn kò kúrò, ẹ padà sílé, ẹ wá lójúmọmọ. Mo mọ ohun tí owó ìwé àṣẹ, epo ọkọ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ná ẹni kan, mo sì mọ bó ṣe ń dunni kí ẹran bọ́ lọ́wọ́ ẹni báyẹn. Síbẹ̀, ẹran kan kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ bá ajá igbó jà nínú òkùnkùn. Èyí tí wọ́n bá ti tú inú rẹ̀, tó ti sun ilẹ̀ di àárọ̀, ẹ má gbé e wálé fún ìyàwó àti ọmọ. Ẹ má ro pé ata yóò gbà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ títa ọfà sí kayótì fúnra rẹ̀. Ní Georgia àti Texas, kò sí oṣù tí òfin ka pípa kayótì léèwọ̀. Ní ibi tó pọ̀ ní New York, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta ni wọ́n gbà láyè. Ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ yín, torí òfin tó wà ní ẹ̀yìn odò lè yàtọ̀ sí ti ibí. Ní ìlà-oòrùn North Carolina ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Láti ọdún 1987 ni ìjọba ti dá ìkookò pupa padà sínú igbó ní Alligator River. Díẹ̀ ló kù nínú wọn láyé, ó sì jọ kayótì débi pé ojú ọdẹ tó dáńgájíá lè ṣìnà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Dare, Hyde, Beaufort, Tyrrell àti Washington, ènìyàn níláti gba ìwé àṣẹ kó tó dọdẹ kayótì, kò sì gbọdọ̀ dọdẹ rẹ̀ lóru. Ní Wisconsin, Michigan àti Minnesota, ìkookò ńlá wà tí òfin àpapọ̀ dáàbò bò. Ìtanràn òfin yẹn lè tó 50,000 dọ́là, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún kan. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró gírí nínú wa kò gbọdọ̀ fi ẹran tí kò dá mọ̀ ta tẹ́tẹ́.

Òfin kọ́ ló sì dùn mí jù níbẹ̀. Ohun tó ń rìn nínú òkùnkùn tí ẹ rò pé kayótì ni lè jẹ́ ajá aládùúgbò tó já okùn. Ó lè jẹ́ ọdẹ ẹlẹgbẹ́ yín tó ń wá ipa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, tó tẹ̀ba mọ́lẹ̀. Ọfà tó bá ti kúrò lọ́sán, kò sí ẹni tó lè pè é padà. Ní Georgia, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1961 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ níláti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ kí wọ́n tó ta ìwé àṣẹ ọdẹ ọlọ́dọọdún fún un. Ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú sí i. Ẹ lọ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo wà nípa kayótì tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù tọkàntọkàn, ìyẹn dìgbòlugi. Àwa tí a dàgbà sílé mọ̀ ọ́n. A mọ ajá tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń tilẹ̀kùn mọ́rí nítorí rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù. Amẹ́ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú èyí tó ń ti ara ajá ran ajá. Kó tó rí bẹ́ẹ̀, ní gúúsù Texas, láti ọdún 1988, ó bọ́ sí ara kayótì ó sì ń tàn kálẹ̀. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú da oúnjẹ tó ní àjẹsára nínú sínú igbó fún wọn, nígbà tó sì di 2007 ìjọba kéde pé irú ti ajá ti tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú mìíràn ṣì wà lára àdán, ràkúùnù àti ẹran olóòórùn tí wọ́n ń pè ní skunk, kayótì tí wọ́n bá sì gé jẹ lè gbà á.

Kayótì tí ẹ rí lọ́sàn-án kò túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ ti yí. Ọ̀sán àti òru ni ó ń rìn. Èyí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, tó ń gé igi àti òkúta jẹ, tàbí tó ń bọ̀ tààrà láìbẹ̀rù ariwo, ẹ yà fún un. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú egbò tàbí inú ẹnu, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí kò gba àjẹsára rẹ̀ rí yóò gba oògùn agbóguntàrùn sí ojú egbò, yóò sì gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ní ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá. Apá ni wọ́n ń gún un sí, kì í ṣe ikùn bíi ti àtijọ́. Bí àìsàn náà bá ti fara hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Bí wọ́n bá pa ẹran tó gé ènìyàn jẹ, ẹ má fọ́ orí rẹ̀, torí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ fọwọ́ kan òkú kayótì, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì yẹ ara rẹ̀ wò fún eégbọn nígbà tó bá délé.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìlọrin ti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn ní àárọ̀ tí òtútù bá mú. Mo ti sọ pé wákàtí méjì ni ó fi wà nílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó rí i, n kò tíì sọ bí ọmọ náà ṣe mọ ibi tí yóò wá a sí nínú igbó tó gbòòrò bẹ́ẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tó jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kọ orúkọ ọ̀nà tó gbà wọ igbó, ibi tí igi náà wà, àti pé òun yóò délé ní aago méje alẹ́, sórí bébà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Nígbà tí aago méje kọjá, ọmọ náà já bébà, ó gbé iná, ó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ lẹ tiyín náà.